Nọ́síràtù Ti Lọ Wo Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mùínàt, ẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú ọkọ mi wáyé, ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ru ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Àmúdà àbúrò yín ló rán yín, ẹ jẹ́ n pe orúkọ rẹ̀ lónìí, orúkọ ò kúkú níyì nílé yìí mọ́. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun bẹ Nọ́síràtù, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀lé òun àti Julianah ìyàwó rẹ̀ kékeré lọ sí Èkó lọ́jọ́ Sátidé. Àbí irọ́ ni? Wọ́n gbé e kúrò ní tésàn rélùwéè Òṣogbo, wọ́n fún un ní kọ́tàsì, ilé àwọn òṣìṣẹ́, ní Èbúté Mẹ́ta, ó dáa, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n Nọ́síràtù wo lẹ wá bẹ̀? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi o. Nọ́síràtù wo?

Inú ò bí mi. Wọlahi, inú ò bí mi, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ṣé ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń jókòó lé ẹsẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ á fi kú, tẹ́ ẹ máa fọwọ́ gbá a tí kò ní í mọ̀? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti etí òkun dé. Mò ń dáná, mò ń fọṣọ, mò ń kírun, ẹni tó bá dá àpárá mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ẹkún tí mo rò pé mo máa sun, mo dúró dè é títí, kò wá.

Ẹ ò mọ̀ nípa páàsì kẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n! Ọdọọdún tí òṣìṣẹ́ Rélùwéè bá ti gba lífù, ìsinmi ẹnu iṣẹ́, ni wọ́n máa ń fún un ní páàsì ọ̀fẹ́, òun, ìyàwó kan, àtàwọn ọmọ, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ìyàwó kan o! Ọ́fíìsì wọn ò mọ ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ ta ló sì wà nínú ìwé wọn láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́? Èmi. Nọ́síràtù. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ mi sínú páàsì yẹn, n ò sì wọ rélùwéè dé Ẹdẹ níhìn-ín rí! Lọ́dún kan, mo lóyún. Lọ́dún kejì, mò ń tọ́mọ. Ogun dé, wọ́n ní ọ̀nà ò dáa. Ogun tán, ni apá àti ẹsẹ̀ òsì ìyá yín bá rọ. Ta ló ń wẹ̀ fún wọn? Ta ló ń yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ẹ̀yìn wọn má bàa bó? Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin tí ilé ọkọ yín ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí Òkè-Baálẹ̀ yìí?

Rárá, mi ò bú yín. Mò ń bi yín ni.

Lọ́dún yìí ló wá sọ pé, "Nọ́síra, ó tó gẹ́ẹ́, a máa lọ wo òkun, èmi, ìwọ, àtàwọn ọmọ." Ó ní Ògúnlẹ́yẹ ọ̀rẹ́ òun tó wà ní kọ́tàsì Èbúté Mẹ́ta máa gbà wá sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Mùínàt, inú mi dùn! Mo rán ṣòkòtò péńpé fún Láńrewájú, mo rán gáùn fún Ràṣídátù, mo dín ṣinṣín, mo yan ẹ̀pà sínú ìgò. Àwọn ọmọ ní, Màmá, kí lẹ máa ṣe tá a bá débẹ̀? Mo ní èmi ò ní í ṣe nǹkan kan, màá jókòó sórí yanrìn, màá na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, omi á máa wá bá mi níbi tí mo wà. N ò ní í pọn ọ́n, n ò ní í rù ú, n ò ní í fi wẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Omi á wá, á tún lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ máa wá dúró ti ìyá fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́? Lọ́jọ́ Tọ́sìdé tí rélùwéè ku ọ̀la lẹ ránṣẹ́ pé ẹ ò ráàyè mọ́, wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní Ẹdẹ. Mo gbọ́. Mo ní ó dáa, ká dá ìrìn àjò dúró. Àmúdà ní páàsì ò gbọdọ̀ ṣòfò, kí Julianah máa bá wọn lọ, wọn ò kúkú lẹ fótò mọ́ páàsì, orúkọ lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí Julianah ṣáà máa jẹ́ Nọ́síràtù títí wọ́n á fi dé. Kò tiẹ̀ jókòó sọ ọ́! Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ló dúró sí, ó ń de okùn bàtà. Ó ní, "Ṣebí ọ̀sẹ̀ kan péré ni." Bí ẹni tó fẹ́ yá ìgbálẹ̀ mi.

Ó wá pe àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá pè é ní Àǹtí nínú rélùwéè, wọ́n máa lé mi níṣẹ́. Màmá ni kẹ́ ẹ máa pè é." Ọmọ ọdún márùn-ún ni Láńrewájú! Ọmọ tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dẹ́rù bà, kí ni kò ní í pe èèyàn?

Nọ́síràtù bá lọ wo òkun. Èmi jókòó síbí, mò ń fi òrí ra ẹsẹ̀ ìyá yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Nọ́síràtù ṣe létí òkun fún yín, Ràṣídátù ti rò ó fún mi tán, kò fi ẹyọ kan pa mọ́ fún mi, ọmọ náà ò mọ̀ pé ó yẹ kóun fi pa mọ́. Ó ní wọ́n fi yanrìn kọ́lé, wọ́n kọ́ ilé alájà méjì, wọ́n to ìkarawun sí i lójú fèrèsé. Wọ́n bo bàbá wọn mọ́nú yanrìn, ó ku orí rẹ̀ nìkan níta, ó ń ké pé ẹ gbà mí o! Àmúdà tí kì í rẹ́rìn-ín nílé yìí! Wọ́n gun ẹṣin. Wọ́n bá ìgbì sáré, tó bá ń bọ̀ wọn á sá, tó bá padà wọn á lé e. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, wọ́n mu omi àgbọn. Ràṣídátù wá ní, "Màmá sì jókòó sórí yanrìn, ó na ẹsẹ̀, omi ń wá bá a." Mo ní, màmá wo? Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó ní, "Àǹtí ni mo ń wí."

Mi ò gbá a létí. Mo ní ó dáa, lọ jẹun.

Ẹ wo fótò náà lórí ògiri níbẹ̀ yẹn. Ayafótò tó wà létí òkun ló yà á. Àmúdà rèé, Ràṣídátù rèé, Láńrewájú rèé lórí itan Julianah. Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Ràṣídátù ló kà á fún mi: Àmúdà, ìyàwó rẹ̀ Nọ́síràtù, àtàwọn ọmọ wọn. Àmúdà gbé e kọ́ sí pálọ̀ fún mi láti máa wò!

Julianah ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ọmọ Iléṣà tó lọ sí ilé ìwé módà, tó gbọ́ Òyìnbó, tí ọkọ ní kó wọ rélùwéè, ṣé kó má wọ̀ ọ́ ni? Ó tiẹ̀ bu omi òkun sínú ìgò wá fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ wo bó ṣe rí." Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ǹ bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ fún Àmúdà ní tésàn, mo pàdé Fákúnlé, gáàdì tó wà nínú rélùwéè tí wọ́n wọ̀ lọ. Ó ní, ìyá, ta lẹ̀ ń wá? Mo ní ọkọ mi, Àmúdà. Ó ní, "Áà, ìyàwó Àmúdà kọ́ nìyí o! Mo mọ Nọ́síràtù dáadáa, obìnrin gíga kan báyìí, àwa méjèèjì jọ sọ Òyìnbó títí dé Ìbàdàn. Ìwọ ta ni?" Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí Àmúdà lẹ́nu ọ́fíìsì, ó ń mi orí sí mi pé rárá. Wọ́n máa lé e, Ìyá Mùínàt. Tí mo bá la ẹnu báyìí, wọ́n máa lé e lọ́jọ́ náà. Kí ni kí n sọ? Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n sọ?

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ kékeré ni mí, sà. Julianah lorúkọ mi."

Ẹ̀rín ni Fákúnlé bú sí. Ó ní ìyàwó kékeré rèé tó ti hewú! Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo bọ̀ wálé, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Lánàá ńkọ́? Ìṣó gún Láńrewájú lẹ́sẹ̀ níwájú ilé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké "Màmá! Màmá!" Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó kọjá lára mi. Astagafurulahi! Ó gba abẹ́ apá mi kọjá, ó lọ dì mọ́ Julianah. Julianah gan-an ń sunkún, ó ń tì í pé lọ bá màmá ẹ, lọ bá màmá ẹ. Láńrewájú ní nígbà tí ìgbì gbé òun ṣubú létí òkun, Màmá yìí ló fa òun yọ. Mo wá rántí pé bẹ́ẹ̀ ni Ràṣídátù ṣe rò ó fún mi lóòótọ́. Níbi tí mo dúró sí, mo wo ọwọ́ mi. Kò dùn mí. Mo gbé ọmọ odó, mo ń gún iyán lọ.

Ẹ wá sọ pé kí n jẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ? Pé gbogbo kọ́tàsì ti mọ Julianah sí Nọ́síràtù, tí wọn ò bá sì rí àwọn ọmọ pẹ̀lú rẹ̀ wọ́n á fura? Pé ọdún méjì péré ni wọ́n gbé e lọ fún? Ọ̀sẹ̀ kan péré náà ló pè é nígbà yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún, lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ rò pé á rántí ojú mi?

Mi ò ní í lọ sọ ní ọ́fíìsì. Mo ti rò ó. Tí wọ́n bá lé e, àwọn ọmọ mi náà ni ebi máa pa. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí fún un bí mo ṣe rán yín, ẹ má yọ kúrò níbẹ̀, ẹ má fi kún un. Ẹ ní èmi ni mo máa wọ rélùwéè lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo bí. Tí wọ́n bá bi í léèrè ní kọ́tàsì, kó sọ pé ìyàwó òun ṣàìsàn, ó wá kúrú. Hà! Kò pa yín lẹ́rìn-ín? Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Tí kò bá gbà, tó bá jẹ́ ẹni tó lọ wo òkun ni Nọ́síràtù, ó dáa bẹ́ẹ̀, kí Nọ́síràtù wá gba gbogbo ohun tó jẹ́ ti Nọ́síràtù. Kì í ṣe ọmọ nìkan, kì í ṣe kọ́tàsì nìkan.

Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́? Ìyá ti jí, wọ́n ń pe Nọ́síràtù.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ̀ ń wò mí sí? Julianah ni mí, mo sọ ọ́ lójú gáàdì, ọkọ mi wà níbẹ̀, kò jiyàn. Ìyàwó kékeré ni mí, mi ò tíì bímọ nílé yìí, èmi kọ́ ni mò ń wẹ̀ fún ìyá. Nọ́síràtù ti lọ sọ́jà, ó lọ ra àpótí tó máa gbé lọ sí Èkó.

Wọ́n tún ń pè. Ìyá yín ni o, Ìyá Mùínàt. Omi wà nínú kòkò, aṣọ tí ẹ máa fi pààrọ̀ èyí tó tutù wà lórí àpótí. Apá òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ lọ dá wọn lóhùn.