Asẹ́ Tí Mo Rán fún Màmá Sàbítíù

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà ogun Bìáfúrà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sì sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa. Tẹ́lọ̀ ni mí ní Igbó-Ọrà.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ yẹ́ mi sí. Omi ẹ̀rọ ti dé àdúgbò wa, Tíṣà wa àtijọ́ sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá wa ṣí i. Wọ́n ní èmi ni kí n dìde sọ ìtàn ẹgbẹ́ wa fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà.

Ẹgbẹ́ wa ń jẹ́ Ẹ Jẹ́ Ká Wò Ó. Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ló dá a sílẹ̀ fún àwa àgbà tí a kò kàwé tó, àti àwọn tí kò kà rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, a ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. A ń kọ́ bí a ṣe ń kà, bí a ṣe ń kọ, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ràn jù ni wíwo nǹkan. A gbin ẹ̀gúsí sí ebè méjì, a da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ọ̀kan, a ń wò ó. A gbé ìgò síta láti fi gba òjò, a ń wò ó. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ní, "Àwọn baba wa sọ pé," Tíṣà á ní, "Wọ́n lè tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀rọ kan wá, tó ní awò tó ń sọ nǹkan tín-ín-tín di ńlá. Gbé-é-tóbi ni àwa sọ ọ́ lórúkọ. Ó kán omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí à ń pọn mu sí abẹ́ rẹ̀, ó ní kí á máa wá wò ó.

Màmá Sàbítíù ló kọ́kọ́ fojú sí i. Opó ni, ẹ̀gúsí ló ń gbìn lọ́nà ìlú Tápà, Sàbítíù yẹn sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó wò ó pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn kòkòrò inú omi náà, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ̀yin là ń mu láti ọjọ́ yìí? Ẹ ò sì sọ̀rọ̀." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá Ràfíù, alága wa, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Àwọn kòkòrò yẹn ló ń gbé sòbìà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìbàràpá lè má mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn ni, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń gbà yọ, ìgbà tí iṣẹ́ oko bá sì pọ̀ ló máa ń yọ. A ó máa ká a mọ́ igi kékeré díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó mú kò sì ní lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tíṣà ní tí a bá ti ń fi aṣọ tó há sẹ́ omi wa, kòkòrò yẹn kò ní lè kọjá. Ó lọ tọrọ aṣọ funfun olówùú kan lọ́dọ̀ àwọn dókítà, aṣọ tí ojú rẹ̀ há pinpin, ó kó o fún mi. Èmi ni kí n fi rán asẹ́ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí n ki okùn bọ etí rẹ̀ kí ó lè há mọ́ ẹnu ìkòkò.

Ìṣòro mi ni pé aṣọ funfun mìíràn wà lọ́wọ́ mi lákòókò kan náà. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni ín, wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Mo gbé áyọ̀ọ̀nù eléèédú lé e, mo bá jáde lọ dá sí ọ̀rọ̀ ogun tí wọ́n ń jiyàn rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn iyàn, ó wà lára mi. Kí n tó padà wọlé, ẹyin iná kan ti já bọ́. Ó jó aṣọ náà láti ìṣẹ́po òkè títí dé ti ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe tú u, ibi gbogbo ni ihò wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n gba iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ojú wo ni n ó fi wo ọ̀gá mi tí wọ́n bá gbọ́ pé mo jó o níná? Mo bá fa aṣọ Tíṣà yọ, mo fi rán ẹ̀wù akọrin. Ẹ̀wù náà dára púpọ̀. Ní Ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo ìjọ ló ń yìn mí, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó kù nínú aṣọ náà tó asẹ́ gbogbo wa, àfi ti ẹnìkan. Màmá Sàbítíù wà lóko lọ́sẹ̀ tí mo ń pín in, òun ló dé kẹ́yìn. Mo lọ gba aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń sẹ́ ògì, mo fi rán tirẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé aṣọ tó ń dá eèrí ògì dúró, ṣé kòkòrò lásán ni yóò já a kọjá? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi tan ara mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Bàbá Ràfíù ló dé kẹ́yìn, mi ò ní dán an wò. Mo mọ̀ pé Màmá kì í ráhùn. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá ní àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo yà sí ilé rẹ̀. Asẹ́ náà wà lẹ́nu ìkòkò, ó so ó dáadáa. Ó bu omi fún mi mu. Nígbà tó yíjú, mo da omi náà sínú ìgò kékeré kan, mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo sì fojú sí Gbé-é-tóbi. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta kìtì kiri nínú omi tó ti sẹ́.

Mo da omi náà nù sẹ́yìn kíláàsì. Tí mo bá lọ tọrọ aṣọ mìíràn lọ́wọ́ Tíṣà, á bi mí níbi tí ti àkọ́kọ́ wọlé sí. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò sì sí lọ́jà wa nígbà náà. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà ní ká yẹ omi tí a ti sẹ́ wò, kí èmi tí mo rán asẹ́ mú ọ̀kan wá. Tèmi, tó há, ni mo mú wá. Omi náà mọ́ lóló. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, Màmá Sàbítíù ló sì pa tirẹ̀ pẹ́ jù.

Sòbìà kì í kánjú. Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan lára èèyàn kí ó tó yọ. Nígbà tí ọdún yípo, kò yọ lára ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa, àfi Màmá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ kíláàsì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n ti ká aràn náà mọ́ igi tín-ínrín, wọ́n fi àkísà dì í.

Bàbá Ràfíù kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú ni. Ó ní, "Màmá Sàbítíù, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ẹ ò sẹ́ omi yín."

"Mo sẹ́ ẹ."

"Gbogbo wa la sẹ́ tiwa, sòbìà ò sì mú wa. Àbí ẹ lọ mu omi lóko ni, ẹ wá ń sẹ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo sẹ́ omi mi, Bàbá Ràfíù, mi ò sì sẹ́ ohun tí mo ṣe. Asẹ́ yẹn ń bá mi lọ sóko pàápàá." Ó bá yíjú sí mi. "Tẹ́lọ̀, o wá sílé mi. O rí i lẹ́nu ìkòkò. Bá mi sọ fún wọn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ojú ti ń tì mí jù. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Màmá, mi ò lè jẹ́rìí sí omi tí ẹ mu lóko."

Tíṣà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó sọ pé ẹ jẹ́ ká wò ó. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan kàn gbé asẹ́ Màmá sókè sí oòrùn, àṣírí mi á tú. Ẹ̀rí tèmi ni gbogbo wọn gbà.

Màmá kò wá sí kíláàsì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ti mọ lẹ́tà, ó kù díẹ̀ kó máa kàwé. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó ro oko, koríko bo ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ́dún yẹn. Sàbítíù, tó wà ní ilé ìwé mọ́dà, fi ìwé sílẹ̀, ó gba ọkọ́. Nínú ìlú, tí ẹnìkan bá ń jiyàn ohun tó ṣe, wọ́n á ní, "Àbí o fẹ́ sẹ́ bíi ti Màmá Sàbítíù?" Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín sí i rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa pọ́n-ùn rẹ́, tí a ti ń ná náírà, Màmá wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹsẹ̀ yẹn kò nà tán mọ́. Asẹ́ náà ló mú lọ́wọ́, etí rẹ̀ ti ya. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ló ṣì fi ń sẹ́ omi rẹ̀. Ó ní, "Tẹ́lọ̀, bá mi rán etí rẹ̀."

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo já aṣọ ògì yẹn dànù, mo fi aṣọ gidi rọ́pò rẹ̀, mo rò pé mo ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nìyẹn. Nígbà tó dé, ó fi àtàǹpàkò pa aṣọ náà wò. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, bó ṣe máa ń wo Gbé-é-tóbi. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n sẹ́, Tẹ́lọ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń yin tẹ́lọ̀, "o mọ̀ ọ́n rán" ló máa ń sọ. Nígbà mìíràn màá ní ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni, nítorí pé asẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Màmá, kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Wọn kò pè é síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí omi ẹ̀rọ yìí. Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ náà, kí n sọ ọ́ lójú Tíṣà àti gbogbo ìlú? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé? Tí mo bá bá Sàbítíù níbẹ̀ ńkọ́? Ó ti di géńdé, ọkọ́ tí mo fi lé e lọ́wọ́ ló ṣì wà léjìká rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá kò ní lè ka ìwé ìròyìn yìí fúnra rẹ̀, nítorí èmi ni mo lé e kúrò ní kíláàsì kó tó mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí rẹ̀, ẹ bá mi kà á sí i létí. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ kàn bá mi sọ fún un pé ó sẹ́ omi rẹ̀. Ó sẹ́ ẹ. Èmi ni mo sẹ́.