Zubaidah Ṣì Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Fóònù Wọn

Títíladé, àbúrò mi ni wọ́n fi hàn mí nínú fóònù lọ́jà Ṣáṣá láàárọ̀ yìí, Zubaidah tí a ti sin, tí a ti ṣe fìdáù rẹ̀, òun náà ló ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọwọ́ ìyá tó ń ta tòmátò. Ìyá yẹn ò mọ̀ mí rí. Ó kàn rí i pé ara mi tóbi, ó ní, “Ẹ wo obìnrin yìí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ wo bó ṣe dà lẹ́yìn tó mu omi ìfọnú tí wọ́n ń pè ní dítọ́ọ̀sì, ẹ ò ṣe rà á?” Mo ní ta ni obìnrin náà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó dájú pé ara rẹ̀ ti fúyẹ́ báyìí. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Wallahi, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ọkọ̀ tí mo wọ̀ délé ní Ìyànà Ọ̀fà.

Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn. Má dìde. Tí ọ̀fun bá ń gbẹ ọ́, mu omi tó wà níwájú rẹ, ṣùgbọ́n má dìde.

O ní ìwọ kọ́ lo fi í ránṣẹ́ sí ìyá onítòmátò. Mo gbọ́. Ta ló ya àwòrán náà? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wá bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi yìí, tí o ní kó dìde kó rẹ́rìn-ín? Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Etí tábìlì ló dì mú kó tó lè dúró. Ẹni tó bá wo àwòrán náà dáadáa á rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ò wo ọwọ́, ikùn lẹ̀ ń wò.

O tún ní o ò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi lò ń sọ ìyẹn fún? Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí, níwájú mi, Zubaidah bi ọ́ pé, “Mò ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láràárọ̀ o, ṣé kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kí n tó bẹ̀rẹ̀?” O rẹ́rìn-ín. O ní àwọn nọ́ọ̀sì á kàn dẹ́rù bà á ni, o ní kó gbé oúnjẹ tì lọ́jọ́ náà gan-an, kó má fi nǹkan kan kan ẹnu àfi omi inú ìgò tí ò ń tà. Mo dá sí i. Mo ní obìnrin tí dókítà ní kó má gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ṣé òun lo fẹ́ fi ebi pa? Mo ní àwa tí ara wa le pàápàá, kí ààwẹ̀ tó wọlé, a máa ń gba díẹ̀díẹ̀ nínú oṣù tó ṣáájú, kí ara lè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ilẹ̀ lásán, a máa ń ro ó ká tó gbin nǹkan sí i. O ní, “Ìyá Safwan, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn.” Zubaidah sì gbà ọ́ gbọ́, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jókòó ní kíláàsì láti kékeré.

Ká ní o sọ fún un pé kó máa dín ṣúgà inú tíì rẹ̀ kù, kó dín iyán alẹ́ kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, kó máa mu omi, kó sì jẹ́ kí àwọn tó fún un lóògùn mọ̀ sí i, ta ni ìbá bá ọ jà?

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó nínú ọyẹ́, ó pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ. O ní ìdọ̀tí ló ń jáde, kó fara dà á. Mo po ògì fún un, ó fọwọ́ tì í. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Títí ní tí mo bá jẹun báyìí, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ á ṣòfò.” Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Orí aṣọ iléèwé tó ń rán ló ṣubú lé. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ní ọsibítù ló ṣàlàyé fún mi pé oògùn ń fa ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì sí oúnjẹ tó máa gbé e sókè. Ó ní ká ní ó kọ́kọ́ wá ni, wọn ìbá yẹ oògùn rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n sọ fún un pé irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán an wò rárá. A ò gbé e padà wálé láàyè.

Kò jẹ́ kí n sinmi, Títíladé. Lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo àdúgbò bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tó bá ń kánjú. Mo ní kí Lateef ọkọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ó ti gbé e lọ. Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Tí mo bá ń po ògì, mo máa ń bojú wẹ̀yìn, bíi pé ẹnì kan dúró tó fẹ́ gbà níbẹ̀. Wọ́n ní òkú kì í jẹun. Ta ló lè sọ fún mi pé ebi tó bá a lọ ti tán?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, òun náà ti rí àwòrán yẹn lórí fóònù aládùúgbò wa kí n tó ti ọjà dé. Ó sáré wá bá mi, ó ní, “Màmá mi ti dé, ara wọn ti yá.” Kí lo fẹ́ kí n dá a lóhùn? Mo ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti lọ bá Ọlọ́run. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, tó ń retí rẹ̀.

Má sunkún. Mi ò pè ọ́ wá sunkún. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ti fẹ́ ṣépè fún ọ, mo ti la ẹnu, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń pè ọ́ ní Títí, mo pa ẹnu dé.

O ní o máa pa àwòrán náà rẹ́. Èwo lo máa pa rẹ́, nígbà tó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ìwọ náà ò mọ̀? Gbé fóònù rẹ sẹ́nu níbi tí o jókòó sí yìí, fi ohùn ara rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí o ta omi náà fún, kí àwọn náà fi ránṣẹ́ síwájú. Sọ pé alátọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, aboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kan irú nǹkan báyìí. Sọ pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti òógùn inú ọyẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń jáde. Ṣùgbọ́n èyí ni kí o kọ́kọ́ sọ: “Obìnrin tí ẹ̀ ń wò nínú àwòrán yẹn ti kú. Zubaidah lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Ó yá, bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ló ń gbọ́ ohùn rẹ, Zubaidah náà ń gbọ́.