Ẹnu Mi Ló Lé Àbúrò Mi Lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi kú. Ikú àkọ́kọ́ kò kàn mí, ṣùgbọ́n ẹnu èmi yìí ló fa ìkejì. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Camberwell nílùú ọba níbí gan-an ló tún ń bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa ní Old Kent Road, wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá bá ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí.

Mùsíbáù ni orúkọ rẹ̀, Àkànjí ni oríkì rẹ̀, èmi ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé kéú. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ̀ pa á lọ́nà Ṣágámù. Ẹ mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú sílẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n pè mí, kí a tó kírun Aláàsárì wọ́n ti sin ín. Èmi tí n kò ní ìwé ìgbélùú nígbà náà, níbo ni mo fẹ́ gbà lọ? Inú yàrá mi ní Peckham ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún. N kò rí òkú rẹ̀, n kò da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ọkàn mi kò sì gbà rí pé ó ti lọ.

Lóṣù tó kọjá ni Rukayat ọmọ mi ní, "Mummy, all these double shifts, ó ti tó jàre. Ẹ jẹ́ ká lọ sinmi, it's just one week." Ó mú mi lọ sí Mondello, adúgbò àwọn olówó létí òkun ní erékùṣù Sisilí. Ẹ̀yin èèyàn, ibẹ̀ mà dára o! Yanrìn funfun bíi gààrí Ìjẹ̀bú, ilé ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára, ọgbà lẹ́yìn ọgbà, àti ilé àwòrán àtijọ́ tí Rukayat fi dá ẹsẹ̀ mi lágara. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, gbogbo adúgbò á pa rọ́rọ́. Wọ́n á ti fèrèsé, ajá kò ní gbó, òkun pàápàá kò ní dún. Ohùn kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni ti àlùmọ́gàjí tí ń gé ewé níbì kan, ṣà, ṣà, ṣà. Lọ́jọ́ kẹta, Rukayat ń sùn, mo tọ ohùn náà lọ.

Ọkùnrin dúdú kan ló ń gé òdòdó nínú ọgbà kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí. Àdá tèmi ló gé ọmọńdinrín Mùsíbáù nígbà tí a ń gé ìrèké lóko bàbá wa. Ó yíjú. Òun ni! Kò fi ọjọ́ kan dàgbà sí i. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka lé ètè. Ṣé n kò mọ̀ ni? Ìyá wa sọ ọ́ fún wa títí pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó kú lè di àkúdàáyà, yóò lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò ṣiṣẹ́, yóò fẹ́yàwó. Bí o bá pàdé rẹ̀, mójú kúrò, má pè é, nítorí bí ará ilé bá ti pè é, ó di dandan kó lọ. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n Rédíò ni wọ́n ń pè mí nílé láti kékeré, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo kígbe, "Àkànjí! Àkànjí, ọmọ ìyá mi!"

Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣebí ẹ mọ̀." Ó rọra fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí koríko, ó gba ẹ̀yìn igi kan lọ. Mo sáré yí igi náà ká, ògiri ni mo bá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin Bìní kan fi gbé oúnjẹ wọlé, ó fa ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan lọ́wọ́. Iwájú orí bàbá mi ló wà lórí ọmọ náà! "Good afternoon, Aunty. You see my husband?" Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní ọkọ òun ti sọ pé òun kò ní ẹbí kankan láyé. Ó gba nọ́ńbà mi. A jọ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, oúnjẹ tutù. Nígbà tí mo pe ìyá wa nílé, tí mo sọ pé mo rí i, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "O ò pè é, àbí?" Mo ní, "Rárá o, Ìyá."

Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi, ìyẹn ló ń pa mí. Ó rò pé ìtìjú ló mú ọkọ òun sá padà sílé nítorí pé ẹbí ti rí i. Lánàá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Aunty, abeg, just tell me the name of una town. Make I carry im pikin go meet am." Bí mo bá dákẹ́, yóò máa retí rẹ̀ títí ayé. Bí mo bá dárúkọ ìlú wa, ẹni àkọ́kọ́ tó bá bi léèrè ni yóò mú un dé ibojì ọlọ́dún mẹ́jọ, tòun ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin lọ́wọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní òun óò pè lọ́la. Kí ni kí n wí fún un?