Kọ̀ǹpútà Tí Mo Yàn Ló Gbé Ìwé Bàbá Tíṣà Mì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń lọ jókòó ní pálọ̀ bàbá arúgbó kan ní Bódìjà, màá gbé ìdì ìwé kan lé itan, màá sì máa kà á sí wọn létí. Bàbá á di ojú, wọn á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà mìíràn, omi á máa bọ́ lójú wọn. Ohun tí Bàbá rò pé mò ń kà ni ìtàn ìgbésí ayé ìyá wọn, tí wọ́n fi odidi ọdún mẹ́sàn-án kọ. Ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ mi ni iṣẹ́ tí ọmọ yunifásítì kan ṣe lórí oúnjẹ adìyẹ. Bàbá kò ríran mọ́. Èmi ni mò ń purọ́ fún afọ́jú, tí mo tún ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́nu wọn tí mo bá fẹ́ máa lọ sílé. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ṣe mí? Kò sẹ́ni tó ṣe mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bàjẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí, Ìbàdàn ni mo lọ́kọ sí, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo kọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990 yìí, tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í lé tàípúráítà kúrò ní Agbowó, ọkọ mi ní kí á ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù mi tó kọjú sí yunifásítì. Oríṣi méjì ló wà, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ èdè ara wọn rárá. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo Agbowó ní. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà inú rẹ̀ dà bí ewé tútù, ó tóbi gbàǹgbà, kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́ láàárọ̀, ọmọ Dùgbẹ̀ kan á ti tún un ṣe kó tó di ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni mo rí nílé olùkọ́ yunifásítì kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sókè òkun. Ó kéré, ó rí rìbìtì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí wàrà, ojú rẹ̀ sì funfun báláú. Ó ní nǹkan kékeré kan bí eku tí èèyàn ń fi ọwọ́ tì lórí tábìlì, ibi tí o bá tì í sí, ibẹ̀ ni ọfà kan á máa lọ nínú ojú ẹ̀rọ. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan péré, ọkàn mi bá a lọ.

Ọkọ mi, Bàbá Tósìn, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wò ó yípo, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ìyá Tósìn, èyí tí gbogbo ọjà ń ná ni kí o jẹ́ ká ná. Ọjọ́ tí eléyìí bá dákú, ta lo fẹ́ ké sí?”

Mo ní, “Ṣé ẹ ò rí bó ṣe rẹwà ni?”

Wọ́n ní, “Ẹwà ló máa tẹ̀wé fún ẹ?” Wọ́n bá yọwọ́. Ohun tó wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, àbí kí ni? Mo ra èyí tó wù mí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn o. Èmi yìí, alálàá ọ̀sán gangan ni mí láti kékeré, ìyá mi máa ń ní tí wọ́n bá ní kí n wo iná ọbẹ̀, iná ni màá máa wò, n kò ní wo ọbẹ̀. Tí mo bá tan ẹ̀rọ náà, á dún lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ta okùn gìtá, ojú rẹ̀ á wá máa mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bá ti bo gbogbo títì Agbowó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lọ bí òjìji, èmi á jókòó síwájú ìmọ́lẹ̀ yẹn, màá máa tẹ̀wé, àfi bí ẹni pé mo wà ní ìlú mìíràn tí kò sí ariwo. Wákàtí mẹ́ta á lọ, n kò ní mọ̀.

Àṣírí kan wà tí mo tètè mọ̀ tí n kò sọ. Dísíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ kékeré tí mo máa ń tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà sí, ẹ̀rọ tèmi nìkan ló lè ṣí i. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ẹ̀rọ tibẹ̀ á ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Dípò kí n kìlọ̀ fún wọn, inú mi ń dùn ni! Tí oníbàárà bá ń ráhùn padà wá, màá ní, “Ẹ̀rọ tiwọn ló ti gbó jàre, ẹ gbé e wá.” Báyìí ni mo ṣe so àwọn èèyàn mọ́ ìdí ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni so ewúrẹ́.

Ọkùnrin tí mo so mọ́lẹ̀ jù ni Bàbá Tíṣà. Ará Èkìtì bíi tèmi ni wọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ ní Bódìjà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó ìwé ẹ̀sáásáìsì mọ́kànlá wá bá mi, ìlà lórí ìlà, ọwọ́ ìkọ̀wé tí ẹ ó rí tí ẹ ó ní tíṣà àtijọ́ nìyí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìyá mi kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà. Kíjìpá ló ń hun tó fi rán mi nílé-ìwé. Kò ní fọ́tò kan ṣoṣo. Tí mo bá kú tán, kò sẹ́ni tó tún máa mọ̀ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà láyé.” Mo gbà á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń wá jókòó tì mí lórí àpótí lọ́sàn-án, fìlà funfun lórí, wọn á máa wo bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń jáde lójú ẹ̀rọ. Wọ́n á ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá mi ti di ìmọ́lẹ̀.”

Wọ́n ní kí n má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, pé ó ku orí tó kẹ́yìn tí àwọn ṣì ń rò. Àǹtí Ronkẹ́, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní kí n fún òun ní ẹ̀dà kan kí òun tọ́jú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì òun. Mo fún wọn. Kò ṣí. Wọ́n padà wá bi mí, mo tún sọ tèmi tí mo máa ń sọ, pé ẹ̀rọ ọ́fíìsì wọn ló ti gbó. Ẹ rántí o, ọjọ́ yẹn ni n bá sọ òótọ́. Wọn ì bá ti ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde kíá, láìdúró de orí tó kù. N kò sọ ọ́.

Bàbá fúnra wọn tún bi mí pé, “Ṣé kí n máa kó ìwé ẹ̀sáásáìsì mi lọ sílé?” Mo ní, “Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, kò sọnù mọ́ láyé.” Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Gbogbo àwa tó ń tẹ̀wé ní Agbowó, bí a ti ń ṣe nìyí: iṣẹ́ tí a bá ti tẹ̀ tán, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ á di ti àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti àkàrà, wọ́n á fi pọ́n ọjà wọn. Nígbà tí mo ń tún ṣọ́ọ̀bù ṣe de Ọdún Àjíǹde, mo di ìwé tó wà nílẹ̀ ní ìdì ìdì, mo gbé e fún Ìyá Ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ẹ̀sáásáìsì mọ́kànlá Bàbá wà nínú rẹ̀. Mo rí wọn. Kì í ṣe pé n kò rí wọn. Mo kàn ní wọ́n ti wà nínú ẹ̀rọ.

Kò pé oṣù kan, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, iná tí wọ́n mú lọ padà dé pẹ̀lú agbára. Ẹ̀rọ mi ta pàù, èéfín tín-ín-rín kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, ojú funfun yẹn sì kú. Mo gbé e dé Dùgbẹ̀, mo gbé e dé Ṣálẹ́ǹjì. Gbogbo ibi tí mo dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Ìyáàfin, irú èyí kò sí lọ́wọ́ wa. Kí ló dé tí ẹ ò ra èyí tí gbogbo ayé ń lò?” Olùkọ́ tó tà á fún mi ti wà lókè òkun. Mo sáré tọ Ìyá Ẹlẹ́pà lọ. Ó ní, “Ìwé Ọdún Àjíǹde kẹ̀? Ó ti tán tipẹ́, Ìyá Tósìn.” Gbogbo Agbowó ti jẹ ẹ̀pà nínú ìyá Bàbá Tíṣà, wọ́n ti ká a mọ́ èèpo, wọ́n ti jù ú sí gọ́tà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ku dísíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo wá rí ọkùnrin kan l’Ékòó tó ní irú ẹ̀rọ náà, ó ti lé lọ́dún kan. Ó tì í bọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ ń payín keke, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Ọkùnrin náà ní ooru abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù mi ti jẹ inú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, tí Bàbá bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi mí, èmi á ní ó ku díẹ̀. Ojú wọn ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣú. Ọlọ́run dárí jì mí, ara tiẹ̀ tù mí.

Ọjọ́ tí wọ́n ranṣẹ́ pè mí, mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Bàbá na ọwọ́ wọn síwájú, wọ́n ń wá orí mi. Wọ́n ní, “Ìyá Tósìn, n kò lè dúró de ìparí mọ́. Mú èyí tó bá wà wá, kà á sí mi létí.” Báwo ni ẹnu mi ṣe máa là? Mo ní màá mú un wá. Ní Sátidé, ìdì ìwé oúnjẹ adìyẹ ni ọwọ́ mi bà.

Àwọn orí ìbẹ̀rẹ̀ kò nira, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ó wà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ohun tí mo rántí tán. Fáànù ń yí, kọ́tìnnì ń fẹ́ wọlé ó ń fẹ́ jáde, Bàbá ń dúró. Ẹnu mi bá ṣí, mo sì rí obìnrin náà. Mo rí i tó ru kíjìpá rẹ̀ lórí, tó ń la odò kan kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, omi dé e ní orúnkún, ó ń kọrin fún ẹ̀rù tó ń bà á. Mo ń sọ ohun tí mò ń rí. Nígbà tí mo dákẹ́, Bàbá ní, “N kò rántí pé mo kọ èyí.” Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń hun ún. Mo ti kọ́ ilé fún un, mo ti gbin igi ìṣín sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá dìde, wọ́n ròyìn odò yẹn fún ìjọ, omijé ń bọ́. Odò tí mo dá sílẹ̀ lórí àga ní Bódìjà ti ń ṣàn nínú orí àgbàlagbà! Ohun tó tún burú jù ni pé èmi náà kò mọ èyí tí Bàbá kọ yàtọ̀ sí èyí tí mo lá lálàá mọ́. Mo máa ń jí pẹ̀lú orin obìnrin náà lẹ́nu.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ìwé ni, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, “Fo ibẹ̀ yẹn. Orúkọ kan wà tí ìyá mi máa ń pè mí tó bá di èmi àti òun nìkan nídìí òfì. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi tó ti dolóògbé kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnìkan kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti bọ́ lọ́kàn mi, ogbó ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo kọ ọ́ síbẹ̀, torí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí n má bàa gbàgbé. Bá mi wá a. Pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n tó lọ bá a.”

Ọwọ́ mi yìí ló tẹ orúkọ náà! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìí ló kọjá lórí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ọ̀rọ̀ lásán, mo kọjá lọ síwájú. Láti Sátidé ni mo ti ń wá a. N kò rí lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ní, “Bàbá, ojú ewé yẹn wà nílé.” Wọ́n ní, “Kò burú, ọmọ mi. Mú un bọ̀ ní Sátidé.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ohunkóhun tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn máa gbé inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà jáde. Ìyẹn mo lè kọ́ yín. Èyí tó kù ni kí ẹ kọ́ mi. Ṣé kí n la ẹnu, kí n sọ fún arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé pé ìyá rẹ̀ ti bá ẹ̀pà lọ? Àbí kí n wá orúkọ dídùn kan, kí n pè é? Mo mọ̀ pé wọ́n á gbà á gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Tí mo bá pè é, tí Bàbá sì jẹ́ mi ní “òo,” orúkọ tí mo fi ẹnu mi ṣe ni wọ́n máa gbé lọ bá ìyá wọn. Ọjọ́bọ̀ lòní. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n pe Bàbá?