Mo Ní Ìyá Rẹ̀ Ti Gbé E Sọnù

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọkọ mi tí a jọ ń gbé kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tó bí mi kò mọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé, àmọ́ ọmọ kan ń jìyà lókè òkun báyìí, èmi ni mo sì fà á.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òkè Fìà ní Òṣogbo ni mò ń gbé, aṣọ iléèwé ni mò ń rán níbẹ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Òun ló kàwé. Ẹ̀sà-Òkè ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó rí iṣẹ́ tíṣà ní ìlú òyìnbó, tí òun àti ọkọ rẹ̀ sì múra àtilọ.

Nígbà yẹn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Morẹ́nikẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Èmi ti wà nílé ọkọ tipẹ́, mi ò bí, mi ò pọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Tí obìnrin bá ń wá ọmọ, wọ́n á fún un ní ọmọ ẹlòmíì tọ́, kí orí ọmọ yẹn lè pe ọmọ wá sílé. Ìyá wa ló gbé Morẹ́nikẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Ìwárájà. Ó ní, "Mọ́ sunkún mọ́, ọmọ mi. Orí ẹ̀ á pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá bá ọ."

Àbúrò mi náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ni. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín àfi tí ẹ bá bí tiyín." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo ní kó sọ ọ́.

Mo tọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí nígbà tí mo bá ń tẹ máṣíìnì. Mọ́mì ló ń pè mí, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọọjọ́ Àìkú ni àbúrò mi máa ń pè. Ọmọ á bi í pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Á ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè.

Àmọ́ tí wọ́n bá ti gba ọlidé, mo máa ń rí i lórí Wasáàpù. Àbúrò mi létí òkun ní Sípéènì. Àbúrò mi nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń lọ sí Párísì. Àbúrò mi nínú yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ráyè wá wo ọmọ nìyẹn o. Inú ń bí mi, mo ń gbé e mì.

Lọ́jọ́ kan mo ṣí fóònù, mo rí i tó gbé ọmọ jòjòló dání. Ó ti bí ọkùnrin. Kò sọ fún mi pé òun lóyún, kò sọ pé òun bímọ. Ibi tí àwọn ará àdúgbò ti rí i ni èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí i. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kó dùn yín ni." Ó ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń fi oyún pamọ́ fún, bí ẹni pé ojú mi kò dáa. Ó dùn mí wọ egungun.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Morẹ́nikẹ́ dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún ń béèrè ìgbà tí Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wò mí. Mo ní, "Kò bọ̀ mọ́. Ó ti bí ọmọ mìíràn. Ó ti gbé ọ sọnù."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wò mí, ó lọ jókòó sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó yẹ kí n fà á jáde, kí n ní irọ́ ni mo pa. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n má tàn yín, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, torí láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni ìyá tó ní. Kò wá sídìí fóònù mọ́. Tí àbúrò mi bá pè, màá ní ó ti sùn, tàbí pé ó lọ ṣeré.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi wálé. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ lo ọlidé ni, pé tí iléèwé bá fi máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, á ti dé. Mo gbà á gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù ọmọ, mo ní kó lọ gbádùn, kó tètè bọ̀. Mo rán yunifọ́ọ̀mù tuntun dè é, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ sókè dáadáa kí n lè máa tú u sílẹ̀, torí ọmọ ń dàgbà.

Oṣù kẹsàn-án dé. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti wọ iléèwé níbí." Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Ó jókòó sílé mi, ó jẹ iyán mi, ó sì dalẹ̀ mi. Yunifọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lórí ìkọ́. Tí oníbàárà bá béèrè rẹ̀, màá ní ó ti ní ẹni tó ni ín.

Ǹ bá máa bínú lọ, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ àbúrò mi ti ń pè báyìí, ẹkún ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní Morẹ́nikẹ́ kò tíì tú ẹrù rẹ̀ láti ìgbà tó ti débẹ̀. Inú báàgì ló ti ń yọ aṣọ wọ̀, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, inú báàgì náà ló ń dá a padà sí. Tí ebi bá ń pa á, kì í sọ. Kì í fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ń dì mọ́ mi ní kíláàsì. Tèmi kò jẹ́ kí n di irun òun. Kí ni mo ṣe fún un, Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀yin ló ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bi í."

Mo ní màá bi í. Kí ni mo fẹ́ bi í? Èmi tí mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi gbé fóònù fún ọmọ náà, ó sì jáde kúrò nínú yàrá fún wa. Mo ti múra pé màá sọ òótọ́. Mo ki oríkì rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, oṣù kẹsàn-án ti kọjá." Mo ní mo mọ̀. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti bí ọmọ mìíràn ni?"

Mo pa fóònù. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún àbúrò mi, kò ní jẹ́ kí n gbóhùn ọmọ yẹn mọ́ láyé. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ á máa rò pé ìyá méjì ló kọ òun. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa tún pè. Nínú àwọn méjèèjì, àbúrò mi àti ọmọ, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?