Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Mùhámmẹ́d

Ẹ̀yin onílé àdúgbò Mayfair, èmi ni mo ní kí Ọ̀rẹ́olúwa, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ka ìwé yìí sí yín létí lójú mi, torí èémí mi kò lè gbé e dópin. Dókítà kò sọ iye oṣù tó kù fún mi, ṣùgbọ́n ó ti jáwọ́ nínú bíbá mi jà nítorí iyọ̀, ó sì yé mi. Ọdún méje lẹ ti ń pè mí ní alága. Òní lẹ ó mọ ẹni tí ẹ ń dìde fún.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ Òkèrèwè ni èmi Fáníyì. Nígbà tí mo di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama, yàrá méjì ni mo ṣì ń gbé nínú agbo ilé bàbá mi, tí ewúrẹ́ àwọn ẹbí ń sùn sórí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ. Bí ọkọ̀ bá gbé mi kọjá Mayfair, tí mo rí àwọn ilé pẹlẹbẹ tó ní géètì, inú mi a bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́: kì í ṣe ilé ni mo fẹ́. Àdírẹ́sì ni mo fẹ́.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ pé Mùhámmẹ́d Ògúndèjì, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ta ilé rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Khàdíjàh ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi owó ilé náà tọ́jú rẹ̀. Abdulsalam, àbúrò ọkọ, kọ́kọ́ fárí gá. Ó ní wọn ò ní ta ilé tí òun fọwọ́ ara òun po bíríkì rẹ̀ lójú òun. Nígbà tó rí bí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wú, ó gbà.

Owó ọwọ́ mi kò tó. Ọláwọlé tó ń bá wọn wá oníbàárà fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Tíṣà, ẹ̀yin ò lè ra ilé yìí, àfi tí ilé náà bá ṣàìsàn ju onílé lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí gbogbo ilé lọ kírun, mo wọ súùtù, mo so táì, mo gbé ọ̀dà pupa, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wọn: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. ẸJỌ́ WÀ NÍ KÓÒTÙ. Obìnrin kan tó ń kọjá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Mo dá a lóhùn. Ta ni yóò fura sí ẹni tó so táì, tí ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún régé báyẹn?

Ẹni tó fẹ́ rà á dé lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Khàdíjàh fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó tún pa á rẹ́; nígbà tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò pa á rẹ́ mọ́. Ilé Abdulsalam ní Modákẹ́kẹ́ ló gbà lọ, ó ní:

"Ẹ̀yin lẹ sọ lójú gbogbo ẹbí pé a ò ní ta ilé náà. Ẹ̀gbọ́n yín ń kú lọ, ẹ ń kọ̀wé sára ògiri."

Abdulsalam gbé Kùránì, ó fẹ́ búra. Khàdíjàh ní, "Ẹ rọra gbé e kalẹ̀, kó má baà jó yín lọ́wọ́."

Lẹ́yìn náà ni Ọláwọlé mú Khàdíjàh wá bá mi. Obìnrin náà ní, "Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bẹ̀rù. Iye yòówù tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá." Owó mi ń bẹ ní báńkì. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Mi ò ní lọ́yà kankan. Ọláwọlé ló ti sọ fún mi pé bí mo bá ní sùúrù díẹ̀, owó ilé náà yóò tún já wálẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Mùhámmẹ́d kú.

Mo ra ilé náà lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Khàdíjàh sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo pa ìkọ̀wé yẹn rẹ́, lójú yín. Ẹ ní, "Ọkùnrin ni Tíṣà, kò bẹ̀rù ẹjọ́." Torí rẹ̀ lẹ ṣe fi mí jẹ alága.

Ẹ ó rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Rárá. Lọ́dún tó kọjá, Abdulsalam wá bá mi, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Nígbà ìsìnkú, wọn kò jẹ́ kó bu erùpẹ̀ sí sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ po bíríkì rẹ̀.

"Tíṣà, Khàdíjàh a máa gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi kọ́. Mi ò mọ̀wé. Orúkọ mi gan-an, ìka ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní mo bẹ ẹnì kan kó bá mi kọ ọ́. Ta ni mo bẹ̀, Tíṣà?"

Ó ń wò mí. Mo fún un ní mínírà tútù. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ̀gbọ́n. Àjèjì kì í dá sí i." Ó mu ún tán, ó ṣàdúrà fún ilé náà, ó lọ.

Mo ti kọ ilé náà padà fún Khàdíjàh, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ilé tí agbára yín ká, bí ẹ bá rí èyí tó pọ̀ lọ́pọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó sọ ọ́ dọ̀pọ̀.

Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mo tú ẹbí wọn ká pẹ̀lú. Yàrá kan ni Khàdíjàh ń háyà ní Ẹlẹ́yẹlé, kò sì tíì kí Abdulsalam láti ọdún méje. Àwọn tó ní ọkọ̀ pọ̀ nínú yín. Kí ẹnì kan lọ gbé Khàdíjàh, kí ẹlòmíràn gbé èmi, kí a pàdé ní ilé Abdulsalam ní Modákẹ́kẹ́. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ sọ lójú àwọn méjèèjì: Abdulsalam kọ́, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kí ìpàdé parí.