Géètì Tí Mo Ní Mo Ti Tì

Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́ Ìgbòkègbodò, èmi Lásárù Oyèbánjí, alága yín láti ọdún mẹ́tàlá, ni mo jókòó sínú ilé mi ní Becontree, ní ìlú Òyìnbó níbí, tí mo ń kọ ìwé yìí. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀, kò sì fi ohunkóhun bò: ọkàn mi ti rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá mi gbé e wọ inú sàréè. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ ó dìbò lórí Iyìolúwa, ọmọ Gbádébọ̀, tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa. Mo gbọ́ pé ẹnìkan nínú yín ti ń sọ pé, "Ọmọ ẹni tó fi géètì sílẹ̀ láìtì nìyẹn, a ò fẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi mú gègé. Gbádébọ̀ kọ́ ló fi géètì sílẹ̀. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí bó ṣe dùn tó, nítorí ohun tó dùn ni mo bà jẹ́. Àwa mẹ́fà péré la bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú jíìpù mẹ́rin tó ti dógùn-ún tí a fi ń gun òkè. Láàárọ̀ Sátidé, Hajarat, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, á gbé mọ́ínmọ́ín inú kúlà wá, èmi á dúró láìwọ bàtà lórí ọ̀dà tútù nínú sùtánà mi, màá máa fi àdúrà bo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn aládùúgbò á sì máa yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó di Wales! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwọn òkè yẹn nínú ìkùukùu, omi bọ́ lójú mi, torí wọ́n jọ òkè Èfọ̀n Aláayè tí wọ́n bí mi sí.

Gbádébọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Rush Green, ló kọ́ gbogbo wa. Ọkọ̀ kì í ya kúrò lójú ọ̀nà, bí ẹrẹ̀ tiẹ̀ mù ún dé ikùn. Bí a bá pàdé ẹni tó gun ẹṣin, a ó pa ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kọjá. Ìdọ̀tí tí a gbé wá, a ó gbé e padà sí Dagenham. Nígbà tí a lọ sí aṣálẹ̀ Morocco, tí mo fẹ́ gba orí àwọn igi ṣákaṣàka kan kọjá kí n lè yára, ó sáré dúró síwájú ọkọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn igi yìí ju yín lọ lọ́jọ́ orí o. Ẹ gba ojú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́." A rẹ́rìn-ín títí. Ọlọ́run mi, inú wa dùn nígbà náà!

Òfin kan tún wà: ẹni tó wa ọkọ̀ kẹ́yìn ló ń ti géètì. Ní October, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lórí oko ìyá opó kan ní Wales tó ń jẹ́ ká gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, tó tún máa ń po tíì fún wa, Gbádébọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Òun ló ṣí géètì. Ọkọ̀ mi kú níbẹ̀, Gbádébọ̀ sì fẹ́ dúró dè mí. Mo ní, "Máa lọ, Débọ̀. Èmi máa tì í." Òjò ń rọ̀, orúnkún ń dùn mí. Nígbà tí ọkọ̀ ji, mo kọjá, mo na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti géètì, ó lọ kan òpó. Kí n tó lè fi ṣéènì kọ́ ìkọ́, àfi kí n sọ̀kalẹ̀. N kò sọ̀kalẹ̀. Àgbàyà! Ohùn Gbádébọ̀ jáde nínú rédíò ọwọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti tì í?" Mo ní, "Mo ti tì í." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wo ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí: ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa ní òun tì í, ẹni tó kàn fọwọ́ bì í síwájú náà ní òun tì í. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo sá sí.

Atẹ́gùn ṣí géètì náà. Àgùntàn jáde sójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù sì pa mẹ́jọ. Ìyá náà pe Hamidah, akọ̀wé wa, ó ń sunkún, ó ní, "I trusted you people." Ó fi òkúta dí ọ̀nà náà fún gbogbo ayé.

A ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò Gascoigne. Gbádébọ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti tì í, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bóyá èmi ni mo tẹ ìkọ́ yẹn nígbà tí mo ń ṣí i. I'm sorry, everybody." Hamidah yíjú sí mi: "Chairman, please, yes or no. Did you lock it?" Èdè Òyìnbó kò fún mi níbi tí mo lè sá sí. Nítorí náà mo fi Yorùbá dáhùn: "Mo ti tì í." Mo tún fọwọ́ gbá tábìlì, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ Gbádébọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ. Ọmọkùnrin yẹn sì dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó jáde.

Lánàá mo lọ bá a ní Rush Green, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní gbogbo October lòun ń lọ bá ìyá yẹn tún ọgbà ṣe. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó pa mí: "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ilé tán lálẹ́, Iyìolúwa á tún dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò." Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì lè bi í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òkè kì í bínú sí ọkọ̀. Ìmẹ́lẹ́ àti irọ́ awakọ̀ ló ń ti ọ̀nà pa. Ẹ yọ orúkọ mi, ẹ dá ti Gbádébọ̀ padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà pe Iyìolúwa lónìí, kí ẹ ka ìwé yìí sí i létí, kí ọmọ náà lè sùn lálẹ́ yìí láìdìde.